Ẹ̀rọ Omi Tí Itza Tì

Ilẹ̀ tútù ni Noemí kọ́kọ́ rí nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti orí òkè San Hilario títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí mọ́tò ti ń yí padà, ojú ọ̀nà tutù rinrin, omi dúró sínú kòtò, ajá Doña Obdulia, ìyá àgbà aládùúgbò wọn, sì ń lá a. Oṣù kẹta ọdún nìyí, ìgbà ìrúwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Mexico, ẹnikẹ́ni kò sì retí òjò títí di oṣù karùn-ún. Kì í ṣe òjò. Omi ẹ̀rọ ló wá. Omi tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ mọ́kànlá ti wá, ó sì ti lọ.

Noemí kò dúró wọ bàtà. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ẹ̀rọ wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tí wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀rọ náà gbẹ. Ó fọwọ́ kan orí ẹ̀rọ. Wọ́n ti tì í pa.

Ní San Hilario, kò sí ẹni tó ń ti ẹ̀rọ. Àwọn tó ń pín omi kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, wọn kì í sì í sọ wákàtí. Ó lè jẹ́ ọ̀sán gangan, ó lè jẹ́ ìdájí tí oorun ń dùn jù. Ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì irin sábẹ́ rẹ̀ kí ariwo omi lè jí wọn. Wákàtí kan péré ni, bó bá pọ̀ tán. Ẹni tí kò bá gbọ́, ó di ìgbà mìíràn, ọkọ̀ tánkà tí àwọn olówó fi ń ra omi kò sì lè gun òkè yẹn.

"Fermín!" Noemí figbe ta. "Fermín, dìde! Omi ti wá, ó ti lọ!"

Ọkọ rẹ̀ jáde tòun ti sòkòtò iṣẹ́ bíríkìlà tí kò tíì dè tán. Ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló tì í?"

"Èmi lò ń bi? Èmi tí mo bá a bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo fọ abọ́ kẹ́yìn lánàá."

"Omi wo ni mo fi fọ abọ́? Àkísà ni mo fi nù ún, Fermín! Ojú ẹ kọ́ ni?"

"Ó dáa, ẹ̀mí àìrí ló tì í nìyẹn."

"Èmi ni mo tì í."

Doña Eduviges ló sọ̀rọ̀, ìyá Fermín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì bo ikùn rẹ̀ níbi tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ jáde lábẹ́ búláòsì. Kíndìnrín ìyá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ni wọ́n ń fa omi oògùn láti inú àpò gba inú rọ́bà yẹn sí ikùn rẹ̀, tí wọ́n á sì fa ti tẹ́lẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan rọ́bà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ìdọ̀tí tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ikùn ló ń lọ tààrà, ó sì lè pa á.

"Ẹ̀yin?" Fermín ní. "Ẹ̀yin lẹ tì í?"

"Mo dìde láti tọ̀. Mo rí i ní ṣíṣí, mo bá tì í. Mo gbàgbé ara mi."

"Màmá! Ogójì ọdún lẹ ti ń gbé orí òkè yìí! Ta la ń torí ẹ̀ wá omi kiri bí alágbe? Kì í ṣe ẹ̀yin? Ẹ bá kúkú sọ fún mi pé kí n má ṣe wàhálà mọ́!"

Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Noemí, dípò kó pẹ̀tù sí i, inú ló ń bí òun náà, ó sì dá kún un.

"Má bá wọn wí mọ́, jọ̀ọ́. Ayé ti sú wọn ni, wọ́n sì fẹ́ kó sú gbogbo ilé."

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Doña Eduviges bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sábẹ́ tábìlì níbi tó máa ń wà.

Itzayana jókòó sídìí tábìlì yẹn, ó ń jẹ ẹ̀wà àti tọ̀tíyà àná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Itza ni wọ́n ń pè é. Ó ti wọ aṣọ búlúù tí Noemí fi ọjọ́ mẹ́ta rán, fìlà ṣóńṣó tí wọ́n fi bébà dídán bò sì wà lórí rẹ̀. Òní ni àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ káàkiri àdúgbò láti kí ìgbà ìrúwé káàbọ̀. Àwọn kan á ṣe òdòdó, àwọn kan á ṣe oyin, àwọn kan á ṣe labalábá. Ẹ̀kán omi ni wọ́n ní kí Itza ṣe.

"Ó dáa kí wọ́n tì í," ni ọmọ náà wí. "Tíṣà wa ní..."

"Dákẹ́, jẹun!" Noemí jágbe mọ́ ọn.

Fermín lọ síbi iṣẹ́ láìmu kọfí. Omi wo ni wọn ì bá fi sè é?

Doña Obdulia ń gbálẹ̀ iwájú ilé tirẹ̀, omi ṣì ń kán létí dúrọ́ọ̀mù tó kún dé ẹnu. Noemí gbé ìkòkò kékeré dání, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Doña Obdulia."

"Noemí, ọmọ mi! Omi òní yìí mà pọ̀ o! Mo pọn títí kan ife kọfí. Mo ní, ẹ wo ilé Fermín bó ṣe pa lọ́lọ́, àwọn yẹn ti pọn tiwọn tán, wọ́n ti padà sùn."

"A ò gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́ kẹ̀? Ariwo tó fẹ́ẹ̀ jí òkú!"

"Wọ́n ti ẹ̀rọ wa ni. Màmá ọkọ mi."

Doña Obdulia dá ìgbálẹ̀ dúró. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ọpọlọ wọn ti ń dàrú ni? Ẹ máa ṣọ́ wọn o. Lónìí wọ́n ti ẹ̀rọ, lọ́la wọ́n á ṣí gáàsì sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi bù díẹ̀. Torí ọwọ́ tí mo fẹ́ fọ̀ kí n tó pààrọ̀ àpò wọn ni."

Ìyá náà wo dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹnì kan ń wò wọ́n. Ó gba ìkòkò náà, ó bù ú dé ìlàjì, ó rò ó, ó tún fi ife kan lé e.

"Má sọ fẹ́nikẹ́ni. Wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn Àjíǹde kí òmíràn tó wá."

Àjíǹde ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Noemí dúpẹ́, ó rọra rìn kó má bàa dànù.

Nínú ilé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, Doña Eduviges ń da omi sí i lọ́wọ́ láti inú ife, díẹ̀díẹ̀, kó lè jọ èyí tó ń ṣàn. Omi tó dà sílẹ̀, wọ́n fi abọ́ gbà á fún ilé ìyàgbẹ́. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn. Omi inú ikùn ṣàn wá sínú àpò òfìfo. Nígbà tó kún, wọ́n ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn: wọ́n tẹ́ ìwé tó ní lẹ́tà lára sábẹ́ àpò náà. Bí wọ́n bá lè ka lẹ́tà náà láti òkè, kò séwu. Bí kò bá ṣeé kà, kí wọ́n sáré gbé e wá sílé ìwòsàn. Bébà tó wà nítòsí ni iṣẹ́ iléèwé Itza, àwòrán ẹ̀rọ kan tí ọmọ náà kùn ní búlúù, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: MO Ń TỌ́JÚ OMI.

Noemí bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lẹ́tà náà hàn, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń wò láti inú èéfín.

"Ó hàn," ni Doña Eduviges wí, ó sì fa bébà náà yọ. "Mú ọmọ lọ, ẹ ti ń pẹ́."

Omi inú ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Noemí tún ní láti rọ ìgò kan nínú rẹ̀ fún Itza, torí ọmọ tí kò bá mú ìgò omi kan wá fún ilé ìyàgbẹ́ iléèwé, wọ́n á dá a padà. Ó rọ ìdajì. Ìyá àgbà tún fìlà ọmọ náà ṣe, ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀wà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí o kán dáadáa o," ó wí fún un.

"Màmá àgbà, ẹ̀kán omi kì í kán níwájú Tíṣà. Ó máa ń dúró ni."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbà ìrúwé. Wọ́n gbin ẹ̀wà sínú òwú nínú ìgò, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ta gbòǹgbò. Wọ́n kọ́ orúkọ òdòdó mẹ́fà. Wọ́n kọ́ bí labalábá ṣe ń bọ́ lára kòkòrò. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, omi ni: pé omi ṣọ̀wọ́n láyé, pé ọmọ rere kì í fi í ṣòfò, pé bí a bá rí ẹ̀rọ ní ṣíṣí ká tì í. Wọ́n sì ya odò gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sára ògiri iléèwé tí ẹ̀kán omi kan kò sí nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, mi ò sọ pé kò dára. Àwọn tó ń fọn omi sórí koríko nísàlẹ̀ ìlú ló yẹ kí wọ́n lọ kọ́, wọn ò gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi àkísà tútù wẹ̀ ni wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò.

Oòrùn mú gan-an. Oyin ń sunkún, labalábá kan ti já ìyẹ́ apá, orin ń dún láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, Itza sì ń rìn láàárín wọn, ó gbé àyà sókè. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọgbà iléèwé, Tíṣà Graciela mú makirofóònù. Ọmọge onísùúrù ni, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìsàlẹ̀ ìlú ló ń gbé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yọ lójoojúmọ́.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ yín ti kọ́. Ẹ̀kán omi mi, wá! Kí lo ṣe nílé láti tọ́jú omi?"

Itza di makirofóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Lálẹ́ àná, gbogbo wọn ti sùn. Mo gbé àpótí ìjókòó mi. Mo gun orí ẹ̀. Mo ti ẹ̀rọ ilé wa. Ó le, mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Mo tì í, mo tì í, ó dákẹ́."

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá tó ti ìsàlẹ̀ wá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wo ọmọ ọlọ́gbọ́n. Àwọn ìyá San Hilario kò pàtẹ́wọ́. Doña Obdulia, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe oyin, yíjú wo Noemí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tètè sọ orí kodò.

Tíṣà yọ ìràwọ̀ wúrà kékeré kan láti inú bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí Itza, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó má bàa já. Ọmọ náà ń wá ojú ìyá rẹ̀ kiri láàárín èrò. Nígbà tó rí i, Noemí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Wọ́n ń gun òkè padà, Itza ń fò níwájú.

"Màmá, ṣé inú Dádì á dùn?"

"Á dùn."

"Màmá àgbà ńkọ́?"

Àpótí ìjókòó yẹn ni Noemí rántí, bí ìyá arúgbó tí ikùn ń dùn ṣe bẹ̀rẹ̀ tó gbé e kúrò nílẹ̀. Ìyá náà ló kọ́kọ́ jí. Abẹ́ ẹ̀rọ ló ti bá àpótí náà. Noemí rántí ohun tí òun sọ sí i, ó dúró, ó di ògiri ilé kan létí ọ̀nà mú.

"Màmá, ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Oòrùn ni."

Doña Eduviges dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú ooru yẹn, eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti pààrọ̀ àpò ọ̀sán. Ìkòkò omi ti gbẹ. Àkísà tútù kan ló wà lórí àga níbi tó ti fi nu ọwọ́. Noemí gbé àpò náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tẹ́ bébà Itza sábẹ́ rẹ̀. Omi náà rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Kò rí lẹ́tà kankan. Kò rí ẹ̀rọ.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Ìjẹta ló ti ń ro mí. Àkísà yẹn ni a ti ń lò láti ọjọ́ mélòó kan, ìwọ náà mọ̀. Kì í ṣe ti òní."

Noemí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹnu sí i létí. "Ẹ ti mọ̀ pé òun ni."

"Sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí Fermín... tí ẹ jẹ́ kí èmi..."

"Ẹ̀yin ti dàgbà. Ẹ lè bínú sí mi, kò ní pa yín lára. Má sọ fún Fermín."

"Ó gbọ́dọ̀ mọ̀, Màmá."

"Mo ní má sọ fún un. Á pariwo mọ́ ọmọ náà. Lọ pe márúwá."

Doña Obdulia ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó pè é. Korobá omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún dé ẹnu. Ó gbé e kalẹ̀ láìsọ pé kí wọ́n má sọ fẹ́nì kankan. Òun náà ló ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ pe márúwá.

"Doña Obdulia," Noemí ní, "ohun tí ẹ gbọ́ ní iléèwé..."

"Kí ni mo gbọ́? Orin yẹn pọ̀ jù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. "Jẹ́ kí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ mi títí tí ẹ ó fi dé."

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dúró sẹ́yìn wọn tipẹ́. Ó ti ṣí fìlà. Ó wo korobá, ó wo àkísà, ó wo dúrọ́ọ̀mù òfìfo láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣe òpè.

"Màmá àgbà ń ṣàìsàn torí pé kò sómi?"

Noemí ká àkísà náà kúrò lórí àga.

"Omi wá ní ilé Doña Obdulia. Kò wá ní ilé wa." Ojú rẹ̀ ń yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. "Torí pé wọ́n ti ẹ̀rọ."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rọra ṣí ìràwọ̀ náà kúrò níwájú orí rẹ̀, ó sì nà án sí ìyá àgbà lórí ìka kan.

"Ẹ gbà. Èmi ni mo tì í. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Doña Eduviges rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà dùn ún níkùn débi tó fi di bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ìwọ? Ẹ bá mi wo ọwọ́ bíńtín! Ẹ̀rọ tí bàbá ẹ gan-an á fi agbára tì! O kàn fọwọ́ pa á lára ni, ọmọ mi. Mo dìde láti tọ̀, mo bá a ní ṣíṣí síbẹ̀, èmi ni mo tì í pa. Èmi ló yẹ kí Tíṣà ẹ fún ní ìràwọ̀."

"Irọ́ ni."

"Bi ìyá ẹ."

Itza yíjú sí Noemí. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ọmọ ṣe máa ń wo ẹni tó mọ gbogbo nǹkan láyé.

"Màmá àgbà ni," Noemí wí. "Wọ́n ti sọ ọ́ láàárọ̀, Dádì ẹ sì bínú sí wọn. Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?"

Ọmọ náà rò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gbọ́ ọ. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó lẹ ìràwọ̀ náà mọ́ iwájú orí ìyá àgbà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa bí Tíṣà ṣe ṣe é.

"Ẹ má tì í mọ́ o, Màmá àgbà," ó wí. "Tiwa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tì."

"Mi ò ní tì í mọ́."

Márúwá náà rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì nígbàkígbà tó bá bọ́ sí kòtò. Noemí gbé orí ìyá ọkọ rẹ̀ lé itan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ àárọ̀, kò rí ibi tó máa gbé bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti di ọ̀dà, ọkùnrin kan ń fi rọ́bà gígùn fọn omi sójú ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ kí eruku má bàa fẹ́. Omi náà ta sí ẹsẹ̀ Noemí nígbà tí wọ́n ń kọjá.

"Noemí," ni ìyá náà wí láìla ojú, "ṣé ẹ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀?"

"A ṣí i, Màmá. Itza ló ṣí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń gbé e wọlé, ó fẹ́ ká ìràwọ̀ wúrà náà kúrò níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó náà gbé ọwọ́, ó sì fi bò ó.